Aláìsàn Kì Í Nájà: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Lọ Rajà ní Kútọnu

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń lọ rajà ní Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Kì í ṣe Benin ti àwọn Ẹ̀dó o. Èyí tí à ń pè ní Dàhòmì títí di ọdún 1975 ni mò ń wí. N kò fẹ́ sọ ibi tí ọjà gbé pọ̀ fún yín, ẹ̀yin lẹ mọ ìyẹn jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ àìsàn àti ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwọ̀ nínú ìlú náà ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tó fà á nìyí. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ń ta aṣọ ní ọjà Odò-Ògbè. N kò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló ní kí n sọ ìtàn náà kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè rẹ́ wọn jẹ nídìí ọjà. Wọ́n yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, wọ́n fi tiwọn kún un, wọ́n ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ sí sẹ́fà, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan sì gba Kútọnu lọ. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fẹ́ lò, nítorí náà wọ́n fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sílẹ̀ nílé. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, wọ́n ti fi gbogbo owó rajà tán. Owó ọkọ̀ àbọ̀ nìkan ló ṣẹ́kù.

Òru ọjọ́ náà ni ibà kọlù wọ́n. Wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń bì, òòyì ń kọ́ wọn. Ọ̀rẹ́ wọn sáré jáde, ó rí ọlọ́kadà kan tí kò wọ aṣọ iṣẹ́, àwọn méjèèjì gùn ún láìdá owó. Ọkùnrin náà gbé wọn dé ibì kan, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó gbé wọn dé ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù níkẹyìn, ó béèrè ìlọ́po mẹ́ta iye tó yẹ, wọ́n sì san án. Wọ́n wọlé, wọ́n fún wọn ní ìwé: ẹ lọ ra abẹ́rẹ́, ẹ lọ ra omi tí a ó fà sí wọn lára, ẹ lọ ra ìbọ̀wọ́. Owó kò sí mọ́. Ẹrù aṣọ méjì wà níbi tí wọ́n wọ̀ sí, ṣùgbọ́n ta ní í ra aṣọ ní aago kan òru?

Wọ́n pè mí lórí fóònù. Mo jí, mo sì jí akápò. Náírà wà ní báǹkì, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè sọ ọ́ di sẹ́fà ní Kútọnu ní òru ọ̀gànjọ́. Ìyá ará Sákétẹ́ kan tó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ ní ọsibítù náà, tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn, ni Ọlọ́run lò. Òun ló yá wọn lówó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀rẹ́ wọn gbé aṣọ padà sọ́jà, ó tà á ní ìdajì iye tí wọ́n rà á kí wọ́n lè san gbèsè náà. Ara ìyá wa ti yá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó tí wọ́n fi rajà kò tíì tán nílẹ̀ títí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. Ẹni tó mọ ọjà ná tó báyìí, kí ló dé tí wọn kò ná owó ọ̀kadà? Èsì rẹ̀ ni pé aláìsàn kì í nájà. Ẹni tí ara ń ni, iye tí wọ́n bá pè ni yóò san. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ àìsàn àti ọkọ̀ nílùú onílùú, ìgbà tí ara ṣì le la ti ń ná an. Ẹ jẹ́ kí n to àlàyé rẹ̀ ní oókan-oókan.

1. ÌWÉ TÍ Ẹ NÍ LÁTI MÚ LỌ́WỌ́

Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1979, wọ́n tún fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Benin wà nínú rẹ̀, Tógò náà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì í gbọ́ o: láìgba físà kò túmọ̀ sí láìmú ìwé. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù yín, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀ ní ẹnubodè Sèmè. Bí nǹkan bá ṣe yín nílùú onílùú, ìwé yẹn ni yóò fi hàn pé ẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Èkejì ni yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Àwọn kan máa ń ra káàdì yìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ gáréèjì láìgba abẹ́rẹ́ kankan. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ló tàn jẹ. Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú kiri, kò sì sí oògùn kan pàtó tó ń wò ó. Abẹ́rẹ́ yìí ni ààbò tó dájú. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹnubodè ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń pè ní Port Health, ni kí ẹ ti gbà á. Ẹ gbà á, ó kéré tán, ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìnàjò, nítorí ó tó ọjọ́ 10 kó tó di ààbò lára. Láyé àtijọ́, ọdún 10 ni káàdì náà ń lò. Láti ọdún 2016, ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó di ti gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

2. OWÓ ÀÌSÀN KÌ Í ṢE OWÓ ỌJÀ

Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ní í sọ. Kí ẹ tó ra gọ́ọ̀tù aṣọ kan ṣoṣo, ẹ ti yọ owó àìsàn sọ́tọ̀. Kí ó jẹ́ sẹ́fà, kí ó wà lára yín, kí ẹni tí ẹ jọ lọ sì mọ ibi tó wà. Ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ wa ni pé kí ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọjà. Bí ara bá le tí ẹ sì padà wálé, ẹ ṣì ní owó yín. Sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Benin àti ní Tógò, nítorí náà kò lè ṣòfò lọ́wọ́ oníṣòwò.

Ẹ̀yin tí ẹ ní káàdì adójútòfò ìlera nílé níhìn-ín, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e lọ́hùn-ún. Owó gidi ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ yín.

Ohun kejì ni pé kí ẹ ní ẹnì kan ní Kútọnu tó lè bá yín gba owó: oníbàárà yín, onílé tí ẹ máa ń wọ̀ sí, tàbí oníṣẹ́ẹ̀wó tí ẹ fọkàn tán. Níbẹ̀, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà fi owó ránṣẹ́, nípasẹ̀ MTN tàbí Moov. Bí ẹ bá ti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe àdéhùn kí ẹ tó lọ, a lè san náírà níhìn-ín kí òun san sẹ́fà fún yín lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aago kan òru ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ yẹ nọ́ńbà fóònù wọn wò pẹ̀lú. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà Benin ti di ẹyọ 10, wọ́n sì fi 01 ṣáájú èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń pè láti Nàìjíríà, 229 ni ẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà 01, kí nọ́ńbà àtijọ́ tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ti ń pe oníbàárà yín tí kò ń lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó fà á nìyẹn.

3. OÒGÙN ÀTI ÌWÉ DÓKÍTÀ

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée tàbí àìsàn mìíràn tó ń lo oògùn sí lójoojúmọ́, kó má ṣe sọ pé ọjọ́ méjì péré ni. Ẹ̀yin àgbà oníṣòwò rántí oṣù Kẹrin ọdún 1984, nígbà tí ìjọba ológun ti ẹnubodè pa nítorí pípààrọ̀ owó náírà. Ẹ tún rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2019, tí wọ́n ti ẹnubodè ilẹ̀ pa, tí wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i àfi ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Nítorí náà, bí ìrìnàjò bá jẹ́ ti ọjọ́ méjì, ẹ mú oògùn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀, ẹ má dà á sínú ọ̀rá lásán, kí àwọn aṣọ́bodè má baà fura sí i.

Kí ẹ tó lọ, ẹ bẹ dókítà yín, ìbáà jẹ́ ní ọsibítù ńlá Yunifásítì tiwa yìí tàbí ibòmíràn, kó kọ ìwé kékeré kan fún yín. Kó kọ orúkọ àìsàn yín, irú ẹ̀jẹ̀ yín, jẹ́nótáìpù yín, oògùn tí ara yín kò gbà, àti orúkọ gidi oògùn tí ẹ ń lò. Mo ní orúkọ gidi, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ tó ń tà á fi sí ara páálí. Ìdí rẹ̀ ni pé orúkọ ilé iṣẹ́ yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú, ṣùgbọ́n orúkọ gidi kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Amlodipine tó wà níhìn-ín, amlodipine ni lọ́hùn-ún. Metformin wa, metformine ni wọ́n ń kọ ọ́. Ìwé kékeré yìí yóò sọ̀rọ̀ fún yín nígbà tí ẹnu yín kò bá lè sọ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra oògùn, ilé oògùn tó ní àmì àgbélébùú aláwọ̀ ewé níwájú ni kí ẹ wọ̀. Pharmacie ni wọ́n ń pè é. Lóru, wọ́n máa ń pín iṣẹ́ ṣe láàárín ara wọn. Èyí tó kàn láti ṣí lóru ni wọ́n ń pè ní pharmacie de garde. Ẹ má ra oògùn orí àtẹ. Nínú ọjà Dantokpa, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Adjégounlè tó lókìkí fún irú oògùn bẹ́ẹ̀, títí tí àwọn agbófinró fi ya bò ó ní ọdún 2017 tí wọ́n sì kó oògùn púpọ̀ lọ. Ẹni tó bá rí oògùn ibà tí owó rẹ̀ dín gan-an, kó bi ara rẹ̀ léèrè bóun yóò bá rí léèsì gidi ní irú owó bẹ́ẹ̀.

4. ỌSIBÍTÙ WO NI KÍ Ẹ LỌ?

Ọsibítù ìjọba tó tóbi jù ní Kútọnu ni CNHU, tí wọ́n fi orúkọ Hubert Koutoukou Maga pè, ẹni tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ Dàhòmì nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní ọdún 1960. Tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aláboyún tàbí ọmọ ọwọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní HOMEL wà fún ìyá àti ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá lọ sí Lómè ní Tógò, bíi kìlómítà 150 sí Kútọnu, ọsibítù ńlá ibẹ̀ ni CHU Sylvanus Olympio ní àdúgbò Tokoin. Ẹ rántí pé aago Tógò fi wákàtí kan kẹ́yìn tiwa, ṣùgbọ́n ti Benin bá tiwa dọ́gba.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ tó sùn, ẹ bi onílé yín pé: ọsibítù wo ló sún mọ́ ibí jù tí kì í tilẹ̀kùn lóru? Ta ló ní mọ́tò tí a lè pè? Ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìgbà tí ojú ṣì ríran ni wọ́n ń béèrè ọ̀nà.

Bí ẹ bá dé ọsibítù, ẹ má bínú bí wọ́n bá kọ́kọ́ fún yín ní ìwé ohun tí ẹ ó rà. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ibi nìyẹn, ó sì ń ṣẹlẹ̀ nílé níhìn-ín náà. Ẹ gba rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ bá san, kí ẹ sì kó gbogbo ìwé àyẹ̀wò àti ìwé oògùn bọ̀ wálé fún dókítà yín.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kéèyàn sọ pé "ẹ jẹ́ kí n délé ná": ibà tó mú kéèyàn máa sọ ìsọkúsọ, èébì tí kò jẹ́ kí omi dúró nínú, ojú tó pọ́n bí òróró, èémí tí kò já geere, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó ṣàdédé kú, ẹ̀jẹ̀ lára aláboyún. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ọsibítù tó sún mọ́ ọn ni kó gbà lọ. Láti Kútọnu sí Ifẹ̀ jìnnà, ẹnubodè wà láàárín, ọ̀nà kì í sì í mọ̀ pé aláìsàn wà nínú ọkọ̀.

5. ZEM ÀTI TAKISÍ

Ọ̀kadà wọn ni wọ́n ń pè ní zemidjan, tí àwọn ará ìlú gé kúrú sí zem. Èdè Fọ̀n ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "gbé mi kíákíá". Orúkọ yìí ti tó ìkìlọ̀ fún yín. Ẹ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

(a) Ẹni tó wọ ẹ̀wù yẹ́lò tó ní nọ́ńbà ni kí ẹ gùn. Ẹ wo nọ́ńbà náà kí ẹ sì rántí rẹ̀. Bí ẹrù bá sọnù tàbí tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà yẹn nìkan ni ẹ ó fi rí i.

(b) Ẹ dá owó kí ẹsẹ̀ yín tó kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹrù, ẹ dá owó ẹrù mọ́ ọn. Ẹ máa mú owó wẹ́wẹ́ sẹ́fà dání, 100, 200, 500. Ẹni tó bá yọ 10,000 sẹ́fà síta, "kò sí ṣéńjì" ni yóò gbọ́.

(d) Ẹ má dárúkọ òpópónà nìkan. Ẹ dárúkọ ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀, bí Étoile Rouge, Stade de l'Amitié, Ganhi tàbí Missèbo tí wọ́n ti ń ta òkírìkà. Ìjọba Benin ti là á sílẹ̀ pé òun yóò kó ọjà Dantokpa kúrò létí ọ̀sà lọ sí àwọn ọjà tuntun, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bi oníbàárà yín ibi tí ìsọ̀ rẹ̀ wà báyìí kí ẹ tó sọ fún ọlọ́kadà.

(e) Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé yín dúró níbi tí wọ́n ti ń ta epo inú ìgò létí títì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí gbiná ní Sèmè, ènìyàn tó lé ní 30 ló bá a lọ.

(ẹ) Ẹni tí òòyì ń kọ́, tí eegun rẹ̀ ṣẹ́, tàbí tí kò lè jókòó fúnra rẹ̀, kó má gun zem. Ọkọ̀ takisí ni kí ẹ pè fún un. Àwọn tó mọ fóònù lò dáadáa tún lè pe ọkọ̀ Gozem, tó bẹ̀rẹ̀ ní Lómè ní ọdún 2018, tó sì dé Kútọnu. Àǹfààní tirẹ̀ ni pé iye owó ti hàn lójú fóònù kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

6. Ọ̀RỌ̀ ẸNU

Yorùbá pọ̀ ní Benin. Nàgó ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀. Ní Kétu, ní Sákétẹ́, ní Pobè, àti ní Àjàṣẹ́ pàápàá, ẹ ó rí ẹni bá yín sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru lè má gbọ́ ju Faransé lọ. Ẹ gé ibí yìí, kí ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì yín:

Je suis malade: Ara mi kò yá.
À l'hôpital, s'il vous plaît: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé mi lọ sí ọsibítù.
C'est combien? Èló ni?
J'ai mal ici: Ibí ló ń dùn mí.
J'ai de la tension: Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru.
Je suis enceinte: Mo lóyún.

Bí ẹnu kò bá lè pè é, ẹ na ìka sí i nínú ìwé. Wọn yóò kà á.

7. OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ FẸNU KÒ LÉ LÓRÍ

Láti ìpàdé tó ń bọ̀, ìwé ìrìnàjò kan yóò wà lórí tábìlì mi. Ẹni tó bá gba ẹ̀yáwó láti fi rajà lẹ́yìn odi yóò kọ ọjọ́ tó ń lọ, ibi tí yóò wọ̀ sí, nọ́ńbà ẹni tí wọ́n jọ ń lọ, àti ẹni tó lè bá a gba owó lọ́hùn-ún. Akápò yóò sì bi í ní ìbéèrè kan kó tó fọwọ́ sí ìwé: "Owó àìsàn yín ńkọ́?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí akápò. Owó ẹgbẹ́ lówó gbogbo wa. Bí ọjà ẹnì kan bá run nítorí ibà òru ọjọ́ kan, àwọn tó dúró fún un náà ni yóò kàn.

Ìyá wa tí mo sọ ìtàn wọn ti tún padà lọ sí Kútọnu lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n sọ fún mi pé oògùn wọn wà nínú báàgì, sẹ́fà àìsàn wà ní ìbàǹtẹ́, àti pé nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Dantokpa, owó zem ni ọjà àkọ́kọ́ tí wọ́n ná. Wọ́n sì lọ sọ́dọ̀ ìyá ará Sákétẹ́ yẹn pẹ̀lú iṣu Ifẹ̀ márùn-ún.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Àlọ yín, àbọ̀ yín, Ọlọ́run yóò bá wa ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó rí mi lẹ́yìn ìpàdé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́,
Ilé-Ifẹ̀.